Ẹni tó ń bá aláìsàn wọ bọ́ọ̀sì: ẹgbẹ́ kan ní Ìkòròdú tó ń ran àwọn tó ní jẹjẹrẹ lọ́wọ́

Bí oṣù kẹwàá, oṣù ìlanilọ́yẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú, bá ti dé, aṣọ píǹkì á jáde. Wọ́n á rìn yí ìlú ká, wọ́n á ya fọ́tò, oṣù á parí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà máa ń rìn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni àwọn aláìsàn fi mọ̀ wọ́n. Ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí ẹnì kan nínú wọn ní ibùdó BRT, báàgì ńlá léjìká, tó ń retí ìyá kan tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀dẹ́ tàbí Odògúnyàn. Iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Wọ́n bẹ̀ wá pé kí á má dárúkọ àwọn. Aláìsàn ti pọ̀ ju owó ọwọ́ wọn lọ, wọn ò sì fẹ́ máa dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. A gbà fún wọn. Ẹni tó bá nílò wọn, sósíà wọ́kà ilé ìwòsàn ló máa ń darí rẹ̀ sí wọn. Ẹni tí kò bá sì sí ní Ìkòròdú lè fi ohun tí a kọ síbí wo ẹgbẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fi ṣe kókó tó báyìí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú tó nílò ìtọ́jú onítànṣán, Ìdí-Àràbà ni wọ́n ń darí wọn sí, níbi tí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí NSIA (àjọ ìdókòwò ìjọba àpapọ̀) àti LUTH (ilé ìwòsàn yunifásítì Èkó) jọ dá sílẹ̀ ti ṣí lọ́dún 2019. Ìtànṣán kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan kí èèyàn máa lọ sílé. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ sábà máa ń gba tọjọ́ 25, láti Ajé dé Ẹtì, ọ̀sẹ̀ 5 gbáko, pẹ̀lú kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó tó wá kan ìtànṣán tí wọ́n ń ti inú ara ṣe. Ọjọ́ 25, àlọ àti àbọ̀, ìrìn 50 nìyẹn. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ lé e, ó di 100. Ìrìn kọ̀ọ̀kan sì tún ju ọkọ̀ kan lọ: bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú gba Máìlì 12 àti Kẹtú títí dé ọ̀nà Òjúẹlẹ́gbà, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí kòròpé wọ Ìdí-Àràbà. Owó yìí kò sí nínú bíìlì ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún ẹbí kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, òun gan-an ló sì máa ń jẹ́ kí èèyàn jókòó sílé nígbà tó bá ku díẹ̀ kó parí.

Ẹni tó bá sì dá a dúró, kì í ṣe owó nìkan ló sọnù. Ìyókù jẹjẹrẹ tí ìtànṣán kò tíì pa á máa hù padà láàárín ọjọ́ tí aláìsàn fi sinmi. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń fẹ́ kí gbogbo ìtànṣán ọrùn ilé ọmọ, tòde tinú, parí láàárín ọjọ́ 56 sí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n tí ẹgbẹ́ yìí dá sí i wù wá. Wọn kì í kó owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ 5 lé aláìsàn lọ́wọ́, torí owó tó bá wọlé tí ebi wà nílé, oúnjẹ ló máa dà. Káàdì Cowry méjì, èyí tí wọ́n fi ń san owó bọ́ọ̀sì, ni wọ́n ń fún un, tirẹ̀ àti ti ẹni tó ń bá a lọ. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń kó owó ọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀. Owó kẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà lé e lọ́wọ́, ní ṣéńjì wẹ́wẹ́, kó má baà sí pé kóńdọ́ ò ní ṣéńjì. Bó bá di alẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú tí owó inú káàdì kò tíì dín, wọ́n ti mọ̀ pé ẹni náà kò lọ. Wọ́n á pè é lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò ní dúró di ọjọ́ Ẹtì. Káàdì bọ́ọ̀sì ti di ìwé ìforúkọsílẹ̀ nìyẹn. A mọ ẹgbẹ́ tó tóbi jù wọ́n lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá tí kò lè sọ ọjọ́ tí aláìsàn rẹ̀ pa jẹ.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ń darí wọn. Tíṣà kan ló ń mójú tó owó, ó sì le bí ojú ẹja. Télọ̀ kan wà, ìyá olóúnjẹ kan wà, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan náà wà tó ń lọ gbé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé dé ibùdó bọ́ọ̀sì. Àwọn tó kù ni wọ́n ń pè ní alábàárìn: àwọn obìnrin tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú parí, tí wọ́n mọ yàrá tí wọ́n ti ń san owó, tí wọ́n mọ fèrèsé tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ alábàárìn tuntun ni ohun tí kò gbọdọ̀ sọ. Kò gbọdọ̀ túmọ̀ èsì àyẹ̀wò. Kò gbọdọ̀ dárúkọ oògùn kankan fún aláìsàn. Kò gbọdọ̀ sọ pé “tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lọ,” torí jẹjẹrẹ ọmú ti ẹnì kan kì í ṣe ti ẹlòmíì. Ohun tó lè ṣe ni pé kó bá màmá kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kó sì rán an létí bí wọ́n bá dé iwájú dókítà. Dókítà lè má ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ fún ẹnì kan. Màmá tí kò kọ ìbéèrè sílẹ̀ á ní “kò sí nǹkan kan, dókítà, ẹ ṣeun,” á wá rántí gbogbo rẹ̀ ní Kẹtú.

Báàgì yẹn náà yẹ ní wíwò. Tẹmómítà, àpò ọ̀rá nípọn mẹ́ta fún ẹni tó bá fẹ́ bì, fúláàsì ògì, omi, ìró kan torí pé yàrá ibẹ̀ máa ń tutù, pawabánkì, àti fáìlì. Fáìlì yẹn ni a gbà pé ó tó gbogbo iṣẹ́ wọn yòókù. Ojú ewé kìíní ni èsì bíọ́sì (àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé), pẹ̀lú nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ìyẹn ẹran náà tí lábú fi ìda bò pamọ́, tí wọ́n fi báírò pupa yí ká. Èkejì, bó bá jẹ́ ti ọmú, ni èsì ER, PR àti HER2, torí òun ni dókítà fi ń mọ irú oògùn tí yóò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tuntun lókè, àtijọ́ nísàlẹ̀. Rìsíìtì ló kẹ́yìn. Wọ́n ń ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sórí fóònù aláìsàn àti ti ọmọ rẹ̀ kan. Ẹ ò ní gbà gbọ́ iye ìgbà tí wọ́n ń tún bíọ́sì ṣe fún èèyàn nítorí pé ìwé kan ṣoṣo sọnù nígbà tí wọ́n ń kó kúrò nílé, nígbà tó jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù wà ní lábú àkọ́kọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ ì bá fi gbà á jáde.

Bíọ́sì gan-an, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dunjú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹbí ni wọ́n máa ń kó ẹran tí wọ́n gé lé lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ sí lábú. Bí wọ́n bá kó o sínú omi lásán tàbí omi dírípù, ó ń jẹrà lọ nìyẹn. Fọ́málíìnì ìdá 10 nínú 100 ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, kó sì pọ̀ tó ìlọ́po 10 ẹran náà. Ìgò ọlọ́rùn tóóró kò dára: ẹran tó rọ̀ tó sì wọlé wẹ́rẹ́, fọ́málíìnì á mú un le, kò ní lè jáde mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n fọ́ ìgò. Ìke ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́, aago àti ibi tí wọ́n ti gé e sára ìke fúnra rẹ̀, kì í ṣe sórí ìdérí. Ìdérí máa ń pààrọ̀. Aago ṣe pàtàkì torí pé ẹran tó bá pẹ́ ju wákàtí 72 lọ nínú fọ́málíìnì lè mú kí èsì ER àti HER2 má ṣeé gbára lé. Èyí tí wọ́n gé lọ́sàn-án Ẹtì, tó wá jókòó sórí fíríìjì dìgbà tí ọmọ bá ráyè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ti kọjá ààlà. Oníkẹ̀kẹ́ wọn máa ń gbé e lọ lọ́jọ́ tí wọ́n gé e gan-an.

Tó bá kan kímò, ohun tí wọ́n ń gba aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀ jù ni ìrìn òfo. Kímò ọmú sábà máa ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 21. Dókítà kò ní fi í sí i láìrí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré, tàbí tí sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà kò tíì gòkè tó, wọ́n á sún un síwájú. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ní àárọ̀ ọjọ́ kímò ti ná owó ọkọ̀ kó tó mọ̀. Nítorí náà, ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n ń mú aláìsàn lọ sí lábú kan ní Ìkòròdú níbí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bi ilé ìwòsàn bóyá wọ́n á gba èsì lábú náà. Ẹ má fo ìbéèrè yẹn, torí ilé ìwòsàn kan wà tí kì í gba èsì ìta.

Wọ́n tún máa ń sọ fún aláìsàn ṣáájú pé ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà pupa bíi sóbò, àti pé ìtọ̀ lè pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Gbólóhùn kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́wọ́ ìpayà òru. Èyí tó yẹ kí wọ́n páyà fún ni ibà. Bí tẹmómítà bá fi 38 hàn láàárín kímò méjì, ilé ìwòsàn ló kàn lóru ọjọ́ náà, kì í ṣe kẹ́mísítì, kì í ṣe àgbo ibà, kì í ṣe “ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.” Ara tí kò ní sẹ́ẹ̀lì funfun kò ní agbára láti dúró di àárọ̀. Ẹ wọn ara kí ẹ tó lo parasitamọ́ọ̀lù, torí ó máa ń bo ibà mọ́lẹ̀ tí kòkòrò sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tẹmómítà ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún aláìsàn tuntun, wọ́n sì ní kó wọn ara rẹ̀ níwájú wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbé e lọ. A fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ìyá olóúnjẹ kì í fún èèyàn ní oúnjẹ àrà. Ògì tí wọ́n fi mílíìkì sí, mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata púpọ̀, èkuru, ẹja tó jinná dáadáa, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà dípò àwo ńlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pàìnápù àti ìbẹ́pẹ tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá lójú títì, ó ní kí wọ́n má fẹnu kàn án: ẹ ra odidi, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e nílé. Fún ẹnu tó bó, ṣíbí tíì iyọ̀ kan àti ṣíbí tíì béékìn sódà kan nínú omi lítà kan, kí wọ́n máa fi yọ́ ẹnu, kí wọ́n sì tu ú nù. Àwọn kan máa ń ra béékìn páúdà dípò béékìn sódà. Kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ ka ara páálí.

Ọ̀rọ̀ àgbo, a rò pé wọ́n á bá èèyàn jà lé e lórí ni. Wọn kì í jà. Alábàárìn á kàn béèrè pé, “Màmá, kí lẹ ti lò kí ẹ tó wá? Kò sí ìbáwí níbẹ̀ o,” á sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Ọgbọ́n ni. Aláìsàn tí wọ́n bá bá wí á fi pamọ́, àgbo tó wà ní ìpamọ́ ló sì léwu, torí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ lórí kímò náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí àgbo, dókítà ò sì ní mọ ohun tó ń ba èsì jẹ́.

Télọ̀ wọn ni ẹ má lọ láìrí. Ọmú àtọwọ́dá ló ń rán fún àwọn tí wọ́n gé ọmú wọn. Ti sílíkóònù wọ́n, ó sì wúwo fún ojú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná. Ti télọ̀ yìí, aṣọ kọ́tìnì ló kan ara, fáíbà ìrọ̀rí ló wà nínú rẹ̀. Ìṣòro fáíbà ni pé ó fúyẹ́: bí obìnrin bá gbọ́wọ́ sókè láti so gèlè, kọ́mú á gùn sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn télọ̀ kan máa ń fi ìrẹsì wúwo sí i. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òógùn á wọ̀ ọ́, á rùn, kòkòrò á mú un. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ onígíláàsì lèyí ń lò, irú tí wọ́n ń sín sídìí. Ó rán an sínú àpò kékeré nísàlẹ̀ fáíbà, kí ó lè fà sílẹ̀ bí ọmú gidi ṣe ń fà, ó sì ṣeé fọ̀, ó ṣeé sá. Kò ní jẹ́ kí oníbàárà lọ títí ó fi so gèlè níwájú dígí lẹ́ẹ̀mejì. Bí kọ́mú bá yẹ̀, ó tún un ṣe. Kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. Wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alágbàtọ́, wọ́n sì wà lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń forúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lè wo orúkọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí lórí ìkànnì CAC kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Bí àkáǹtì tí wọ́n fún yín bá jẹ́ orúkọ ènìyàn dípò orúkọ ẹgbẹ́, ẹ dá ọwọ́ dúró. Tíṣà wọn kì í san owó oògùn sọ́wọ́ aláìsàn; àkáǹtì ilé ìwòsàn ló ń san án sí, ó sì ń béèrè rìsíìtì. Wọ́n tún mọ ọ̀nà owó ìjọba: owó àkànṣe jẹjẹrẹ tí iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn 6, tí UCH Ìbàdàn wà lára wọn, fún jẹjẹrẹ ọmú, ọrùn ilé ọmọ àti pírósítéètì. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń kó owó yẹn fún lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ sósíà wọ́kà ilé ìwòsàn ni ìwé rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á bá yín gbà á kí ẹ kọ́kọ́ san “owó fọ́ọ̀mù,” olè ni.

Ó wá kan ibi tó kù sí.

Ọkùnrin kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo alábàárìn ló jẹ́ obìnrin, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó ní jẹjẹrẹ pírósítéètì kò sì ní sọ fún ìyàwó ilé kan pé ìtọ̀ ń dà sí òun lára. Wọ́n ní àwọn ń wá ọkùnrin. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá a.

Ọ́fíìsì wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn náà ga, kò sí irin ìdìmú. Ẹni tí kímò ti gba okun ara rẹ̀, ẹ ní kó gun òkè wá kọ orúkọ? Àga méjì àti tábìlì kan nísàlẹ̀ ti tó. Fọ́tò náà tún wà: nígbà tí wọ́n bá pín nǹkan, wọ́n ń fi ojú aláìsàn hàn lórí Facebook. Wọ́n ní àwọn gba àṣẹ. Èèyàn tó ń gba oògùn lọ́wọ́ yín, ṣé ó lè ní rárá?

Èyí tó dùn wá jù ni ti ìrora. Lórí ìrìn, lórí ìwé, lórí ibà, ọwọ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé mọ́fíìnì, ẹ̀rù ń bà wọ́n bíi ti gbogbo èèyàn. Wọ́n gbà pé oògùn ẹni tó fẹ́ kú ni, tàbí pé yóò di bárakú. Mọ́fíìnì olómi tí dókítà kọ fún ìrora jẹjẹrẹ, wákàtí 4-4 ni wọ́n ń lò ó, torí ìgbà yẹn ni agbára rẹ̀ ń tán. Ẹni tó bá dúró kí ìrora padà kó tó mu ún, á máa lé e kiri ni. Ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń kọ oògùn tó ń mú un rọ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ kìíní. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà nítòsí: UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìrora àti àwọn tó wà ní ìparí ìgbésí ayé wọn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò ti jẹ́ aṣáájú. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mélòó kan péré ni nọ́ọ̀sì àgbà wọn nílò, kó wá kọ́ àwọn yòókù.

Fún ẹni tí ibi yìí kò bá rọrùn fún, a mọ BRECAN, ẹgbẹ́ lórí jẹjẹrẹ ọmú tí Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, tí òun náà la jẹjẹrẹ ọmú já, dá sílẹ̀ lọ́dún 1997. Wọ́n lágbára lórí ìlanilọ́yẹ̀ àti àkójọpọ̀ àwọn tó ti là á já. Sebeccly ní Èkó ń ṣe ìtìlẹ́yìn fún aláìsàn. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni, ẹ wá The Dorcas Cancer Foundation, torí jẹjẹrẹ ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Kò sí èyí tó máa bá yín wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú lójoojúmọ́ nínú wọn, ẹ má sì retí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni ẹgbẹ́ yìí ń gba aláìsàn tuntun, láti aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán. Ẹ mú ìwé tí sósíà wọ́kà kọ, èsì bíọ́sì, káàdì ilé ìwòsàn, àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú aláìsàn. Aláìsàn kò nílò láti wá fúnra rẹ̀. Ọmọ tàbí àbúrò tó mọ orúkọ oògùn lè ṣojú rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gbà. Ẹ ti ṣe é kúrò nílé, torí ẹni tó ń ṣe fótókópì nísàlẹ̀ ilé náà kì í ṣí bí kò bá sí iná.